Ògiri Tí Kò Kan Àjà: Ìdí Rẹ̀ Ni Kí Ẹ Wò

Bí ògiri bá ṣe kúrú tó ni iṣẹ́ rẹ̀ ṣe rọrùn tó: ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa gbà nìyẹn, pàápàá àwa tí a dàgbà sáàárín ilé búlọ́ọ̀kù. Bíríkìlà tó bá mọ ògiri kúkúrú síwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kì í ronú lé e lẹ́ẹ̀mejì. Búlọ́ọ̀kù nípọn, ó wúwo, sìmẹ́ńtì sì dì í mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wá kúrò nídìí búlọ́ọ̀kù, ká lọ sí Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń fi irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe egungun ògiri ọ́fíìsì, ilé ìwòsàn, ilé ìtajà àti ilé alájà púpọ̀. Níbẹ̀, ògiri tó ga láti ilẹ̀ dé àjà kì í fún ẹnikẹ́ni ní wàhálà. Èyí tó mọ níwọ̀n ìbàdí, tí ohunkóhun kò di orí rẹ̀ mú, ni ẹnjiníà máa ń jókòó tì.

Irú ògiri bẹ́ẹ̀ pọ̀ káàkiri: èyí tó yí tábìlì àwọn nọ́ọ̀sì ká ní wọ́ọ̀dù, èyí tó pín ọ́fíìsì láìdí ojú àwọn òṣìṣẹ́, èyí tó wà lábẹ́ fèrèsé gígùn tó lọ láti igun ilé kan dé ìkejì, èyí tó wà létí àtẹ̀gùn kí ọmọdé má baà já bọ́ sísàlẹ̀. Iṣẹ́ wọn yàtọ̀, àmọ́ ìṣòro kan náà ló ń bá gbogbo wọn fínra.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irin náà. Wọn kì í rọ ọ́ nínú iná. Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ti fi sínkì bò kó má baà dípẹtà ni wọ́n ń tì gba inú ẹ̀rọ olóróòlà, tí ẹ̀rọ náà á sì máa tẹ etí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní tútù títí yóò fi jáde bíi lẹ́tà C. Òpó nìyẹn, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní sítọ́ọ̀dù. Èyí tó jáde bíi U ni tíráàkì. Wọ́n á tẹ́ tíráàkì kan sílẹ̀, wọ́n á dojú ìkejì dé lókè, wọ́n á wá to sítọ́ọ̀dù sáàárín méjèèjì.

Nọ́ńbà máa ń wà lára òpó wọ̀nyí, ó sì yẹ kí ẹni tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ lè kà á. Ẹ wo ọ̀kan: 362S162-43. Ìbú rẹ̀ ni 362, ìyẹn íǹṣì 3.62. S ń sọ pé sítọ́ọ̀dù ni. Tó bá jẹ́ T, tíráàkì ni. Fífẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni 162, íǹṣì 1.62. Nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn ló kan ọ̀rọ̀ wa jù: 43 túmọ̀ sí pé irin náà nípọn ní íǹṣì 0.043, kò fi bẹ́ẹ̀ ju mìlímítà kan lọ. Àwọn tó tún fẹ́lẹ́ ju èyí lọ wà, bíi 33 àti 18. Láti 1946 ni àjọ American Iron and Steel Institute ti gbé ìlànà àkọ́kọ́ jáde lórí bí a ṣe ń ṣírò agbára irú irin yìí, orí ìdánwò tí George Winter ṣe ní Yunifásítì Cornell ni wọ́n sì gbé e kà. Ohun tí ìdánwò náà fi hàn kò tíì yí padà: irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kì í dúró títí yóò fi ṣẹ́, yóò ti ká, yóò ti rún, kó tó débẹ̀.

Ó yá, ẹ fojú inú wo ògiri tó dé àjà. Bí ẹnì kan bá fi èjìká tì í láàárín, òpó á fẹ́ tẹ̀. Orí rẹ̀ á ti tíráàkì òkè, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti tíráàkì ìsàlẹ̀, àwọn méjèèjì á sì pín agbára náà láàárín ara wọn. Ohun kan ṣoṣo tí a ń béèrè lọ́wọ́ ẹsẹ̀ òpó ni pé kó má yọ̀ kúrò láyè rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó má yí. Ìdí nìyẹn tí ìṣó kéékèèké tí wọ́n fi ìbọn oníṣó yìn wọ kọnkéré fi tó o.

Ẹ wá gé ògiri yẹn kúrú, kí orí rẹ̀ má kan ohunkóhun mọ́. Bí ẹnì kan bá fara tì í lórí, ẹsẹ̀ nìkan ló kù tí yóò gba gbogbo ẹrù, iṣẹ́ méjì ló sì di tirẹ̀: kó má yọ̀, kó má sì yí. Òpó ọgbà tí a rì mọ́lẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ kejì yìí wọ́ọ́rọ́wọ́, torí ilẹ̀ gbá a mú yíká. Òpó kan náà tí a kàn gbé nàró sórí ilẹ̀, bí ewúrẹ́ bá fara nù ún, ó ti lọ. Sítọ́ọ̀dù inú tíráàkì sún mọ́ èyí tí a gbé nàró ju èyí tí a rì lọ.

Ẹ sún mọ́ ìdí òpó náà dáadáa. Síkúrúù kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló so sítọ́ọ̀dù mọ́ apá tíráàkì, apá tíráàkì yìí kì í sì í sábà ga ju íǹṣì kan ó lé díẹ̀ lọ. Ìṣó tó so tíráàkì mọ́ kọnkéré wà láàárín gbùngbùn. Bí a bá ti orí ògiri síwájú, ẹ̀gbẹ́ iwájú sítọ́ọ̀dù á tẹ ilẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn á fẹ́ gbéra. Síkúrúù ẹ̀yìn á fa apá tíráàkì sókè, apá tíráàkì á fa ìsàlẹ̀ rẹ̀ sókè, ìsàlẹ̀ yìí kò sì ju irin pẹlẹbẹ mìlímítà kan lọ, tí ìṣó di àárín rẹ̀ nìkan mú. Ńṣe ni etí rẹ̀ á gbéra kúrò lórí kọnkéré. Kò sí ohun tó já, kò sí ohun tó ṣẹ́, síbẹ̀ orí ògiri ti kúrò níbi tó wà.

Àwọn oníṣẹ́ kan á ní kí a kúkú fi kún síkúrúù, tàbí kí a to ìṣó sí i. Mi ò rí ọgbọ́n níbẹ̀. Irin pẹlẹbẹ ló tẹ̀, síkúrúù dúró gbọin. Ìṣó mẹ́wàá lórí ìlà kan náà láàárín tíráàkì kò ní kí etí rẹ̀ má gbéra. Ìṣó ìbọn pàápàá kò fẹ́ràn ká máa fà á sókè. Kí a tì í láti ẹ̀gbẹ́ ló mọ̀ ọ́n gbà dáadáa. Àwọn míì á so sítọ́ọ̀dù méjì pọ̀ kó lè lágbára. Òpó náà á lágbára lóòótọ́, àmọ́ orí ìdí tí kò lágbára náà ló ṣì dúró sí.

Báwo wá ni agbára tí a ń sọ yìí ṣe pọ̀ tó? Ìwé òfin ìkọ́lé tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ń lò, International Building Code, ní kí ìdènà wà níbi tí ilẹ̀ bá ti já sísàlẹ̀ ju íǹṣì 30 lọ, kó sì ga tó íǹṣì 42. Orí ìdènà náà gbọ́dọ̀ lè gba páùn 50 lórí ẹsẹ̀ bàtà gígùn kọ̀ọ̀kan, tàbí páùn 200 lójú kan ṣoṣo, èyíkéyìí tó bá burú jù. Ẹ mú páùn 200 yẹn, ìwọ̀n ọkùnrin kan tó tóbi díẹ̀. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po íǹṣì 42: páùn-íǹṣì 8,400 ni ìdí òpó náà yóò gbà. Ká ní bóòtù kan wà láàárín ìdí tó fẹ̀ ní íǹṣì 6, íǹṣì 3 péré ni àyè tó ní láti fi bá agbára yẹn jà. Ẹ pín 8,400 sí 3, páùn 2,800 ni yóò máa fa bóòtù náà sókè, nítorí pé ẹni páùn 200 kan fara ti ògiri! Bí ògiri bá wá jẹ́ ti íǹṣì 3.62, àyè ìjà kò tó íǹṣì 2 mọ́, bóòtù yóò sì máa rí ju páùn 4,600 lọ. Ìṣírò yìí tilẹ̀ ṣàánú bóòtù náà, torí irin tẹ́ẹ́rẹ́ kì í tẹ ilẹ̀ ní etí rẹ̀ gan-an, ó máa ń wọ inú díẹ̀.

Ẹ tún kíyè sí i pé páùn 50 lọ́nà ẹsẹ̀ bàtà 4 jẹ́ páùn 200 gẹ́lẹ́. Bí òpó tó lágbára bá wà ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin-mẹ́rin síra wọn, òfin méjèèjì pàdé lórí iye kan náà. Bí wọ́n bá jìn síra jù bẹ́ẹ̀ lọ, páùn 50 ló ń pàṣẹ.

Ibì kan wà nínú ìwé òfin náà tó lè ṣi ènìyàn lọ́nà. Ó ní kí ògiri inú ilé lè gba páùn 5 lórí ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, àmọ́ ògiri tó bá ga ju ẹsẹ̀ bàtà 6 lọ ló ń bá wí. Ògiri kúkúrú tó kàn pín ọ́fíìsì, tí kò sí létí ọ̀gbun kankan, wá bọ́ sí àlàfo: kì í ṣe ìdènà, kò sì ga tó. Bí a bá tẹ̀ lé ojú ìwé nìkan, ó dà bíi pé kò sí ohun tó yẹ ká ṣírò fún un. Ẹni tó fẹ́ jókòó lé e kò wá ka ìwé òfin kó tó jókòó. Ẹni tó ń dúró de dókítà á gbé ìgbọ̀nwọ́ lé e, akọ̀wé á fi ìdí lé e láti tẹ fóònù, àwọn tó ń kó ẹrù wọlé á fi fíríìjì gbá a. Ẹnjiníà tó mọ ohun tó ń ṣe á lo páùn 200 náà fún un, bí òfin kò tilẹ̀ fi dandan mú un.

Àtúnṣe tí kò náni lówó púpọ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó ya àwòrán ilé. Ògiri tó bá kọ igun, tó rí bí L tàbí U, ń gbe ara rẹ̀ ró, torí ẹ̀ka kan ń di ìkejì mú. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì kan ògiri gíga. Ṣùgbọ́n oore yìí kì í lọ jìnnà. Irin tó bo orí ògiri ló gbọ́dọ̀ gbé agbára láti àárín lọ sí igun méjèèjì, a sì gbọ́dọ̀ ṣírò òun náà bí igi àjà tó dùbúlẹ̀. Ògiri ẹsẹ̀ bàtà 4 lè jẹ oore náà. Ti ẹsẹ̀ bàtà 20 nílò òpó gidi láàárín.

Òpó gidi tí àwọn àgbà iṣẹ́ ti ń lò tipẹ́ ni páìpù irin onígun mẹ́rin tí wọ́n jó mọ́ pẹpẹ irin, tí bóòtù mẹ́rin sì dì mọ́ kọnkéré. Bóòtù méjì wà níwájú, méjì wà lẹ́yìn, àyè ìjà wọn sì pọ̀ ju ti bóòtù kan tó wà láàárín. Sítọ́ọ̀dù lásán á kún àlàfo tó wà láàárín òpó kan sí ìkejì. Ó lágbára, kò sí àríyànjiyàn lórí ìyẹn. Wàhálà rẹ̀ ni pé pẹpẹ náà sábà máa ń fẹ̀ ju ògiri lọ, orí bóòtù á yọ síbi tí bọ́ọ̀dù jípsọ̀mù tó ń bo ògiri ti yẹ kó tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ ó sì ní láti dúró de wẹ́dà níbi tí gbogbo oníṣẹ́ yòókù ti ń lo síkúrúù.

Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ta ohun èlò rí i pé ọjà wà níbẹ̀. Simpson Strong-Tie ń ta èyí tí wọ́n ń pè ní RCKW, ClarkDietrich ń ta Pony Wall, àwọn míì náà wà. Ìrísí wọn kò dọ́gba, èrò kan náà ló wà nídìí wọn: irin tó nípọn á jókòó sí ìdí òpó, bóòtù á gba inú rẹ̀ wọ kọnkéré, apá rẹ̀ á sì gòkè mọ́ òpó, kí irin pẹlẹbẹ tíráàkì lè bọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà pátápátá. Nínú ìwé àlàyé irú nǹkan bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà méjì ni kí ẹ wá. Èkíní ń sọ iye agbára ìbìlulẹ̀ tí ó lè gbà. Èkejì ń sọ bó ṣe le tó, ìyẹn bí yóò ṣe yí tó lábẹ́ agbára yẹn.

Èkejì yìí ni ọ̀pọ̀ ń fò, ibẹ̀ sì ni ẹjọ́ ti ń wá. Bí ìdí òpó bá yí débi pé orí ògiri fi ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún gíga rẹ̀ yẹ̀, orí ògiri íǹṣì 42 á ti fi ohun tó ju mìlímítà 10 lọ kúrò láyè rẹ̀. Ògiri náà lè má ṣubú láéláé. Àmọ́ táìsì tó wà lórí rẹ̀ á sán, ìlà á yọ lára ọ̀dà níbi igun, ẹni tó bá sì fọwọ́ kàn án á ní iṣẹ́ jákujàku ni. Òótọ́ ló sọ.

Èyí tó wà lábẹ́ fèrèsé gígùn tún le ju ti inú ilé lọ, torí ìjì ni alátakò rẹ̀. Nígbà tí atẹ́gùn bá kọlu gíláàsì, ìdajì agbára náà á lọ sí òkè fèrèsé, ìdajì á bọ́ sórí ògiri kúkúrú. Ẹ jẹ́ ká mú ògiri ẹsẹ̀ bàtà 3, fèrèsé ẹsẹ̀ bàtà 5 lórí rẹ̀, àti atẹ́gùn tó ń fi páùn 25 ti ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Ìdajì ti fèrèsé jẹ́ páùn 62.5 lórí ẹsẹ̀ bàtà gígùn kọ̀ọ̀kan, orí ògiri gan-an ló sì ti ń tì í: lọ́nà 3, ó jẹ́ 187.5. Ti ara ògiri jẹ́ páùn 75, àárín ni agbára rẹ̀ wà: lọ́nà 1.5, ó jẹ́ 112.5. Àròpọ̀ wọn jẹ́ páùn-ẹsẹ̀ bàtà 300 lórí ẹsẹ̀ bàtà gígùn kan. Ìdènà etí àtẹ̀gùn, páùn 50 lọ́nà ẹsẹ̀ bàtà 3.5, jẹ́ 175 péré. Èyí tó kúrú jù ló gba agbára tó pọ̀ jù! Atẹ́gùn tún máa ń yí ọwọ́ padà, kó fa ògiri síta dípò kó tì í wọlé, nítorí náà iwájú àti ẹ̀yìn ìdí náà ló gbọ́dọ̀ múra.

Fún ti òde ilé yìí, ọ̀nà kan wà tí mo fẹ́ràn ju gbígbé ògiri lé orí ilẹ̀. Wọ́n á jẹ́ kí sítọ́ọ̀dù gba iwájú kọnkéré kọjá lọ sísàlẹ̀, wọ́n á dì í mú létí kọnkéré, wọ́n á sì tún fi irin àtìlẹ́yìn dì í mú nísàlẹ̀, lókè àjà yàrá tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ibi ìdìmú méjì tó jìn síra ti gba ìyí náà, kò sí bóòtù kan tó ń fi íǹṣì 2 jà. Ní ilé tí ilẹ̀ àjà rẹ̀ jẹ́ igi tàbí irin, a lè ṣe irú rẹ̀ nínú ilé náà: òpó á wọ inú ilẹ̀ lọ, wọ́n á sì dì í mọ́ igi tó gbé ilẹ̀ náà, lókè àti nísàlẹ̀.

Bí irin bá ti dára, ó ku kọnkéré. Bóòtù tí a fà sókè kì í sábà já, kọnkéré ló máa ń bá a jáde ní àwòrán òkòtó tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ sókè. Bí bóòtù bá ṣe wọlẹ̀ jìn tó ni òkòtó náà ṣe tóbi tó. Bóòtù tó bá wà létí, apá kan òkòtó rẹ̀ ti já sófo. Ibi tó ti wá dun ni pé etí kọnkéré gan-an ni ibùgbé ògiri ìdènà: agbára tó pọ̀ jù ló pàdé kọnkéré tó kéré jù. Orí 17 nínú ìwé ACI 318 ni wọ́n fi ń ṣírò èyí. Ẹnjiníà tó bá tètè ronú á ní kí wọ́n ri pẹpẹ irin sínú kọnkéré kí ó tó gan, kí wọ́n lè jó òpó mọ́ ọn tó bá yá. Ẹni tí kò tètè ronú á máa wá bóòtù alálẹ̀mọ́ kiri nígbà tí ilé ti ga.

Kí ẹnikẹ́ni tó gbé dírílì, kó mọ ohun tó wà nínú kọnkéré náà. Ọ̀pọ̀ ilé gbígbé àti ibi ìgbọ́kọ̀sí alájà púpọ̀ ní Amẹ́ríkà ló ní okùn irin tí wọ́n fà le koko nínú ilẹ̀ wọn. Ẹni tó bá fi dírílì gé ọ̀kan ti dín agbára ilé náà kù, òun fúnra rẹ̀ sì lè fara pa. Rédà ni wọ́n fi ń wá ibi tí okùn gbà, kí wọ́n tó sàmì sí ibi tí a lè lu. Ihò tí a bá lu tán á kún fún eruku. Bí a kò bá fi búrọ́ọ̀ṣì nù ún, kí a sì fẹ́ ẹ, àlẹ̀mọ́ á lẹ̀ mọ́ eruku, kò ní lẹ̀ mọ́ kọnkéré. Bóòtù tó ń fẹ̀ nínú ihò náà ní iye pàtó tí a gbọ́dọ̀ dè é dé, sípánà tó ní òǹkà ló sì lè sọ ọ́. Ní ti jíjó irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yìí, kí wẹ́dà rántí sínkì: èéfín rẹ̀ ń fa ibà fún ẹni tó bá fà á símú, iná sì ń jẹ ìbòrí irin náà, tí a gbọ́dọ̀ fi ọ̀dà onísínkì tún kùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba irú iṣẹ́ yìí, ì báà jẹ́ ní Houston, ì báà jẹ́ ọ́fíìsì tí wọ́n ń fi bọ́ọ̀dù jípsọ̀mù pín ní Èkó, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wo ìdí ògiri kúkúrú kí wọ́n tó bò ó. Bí ìṣó ìbọn nìkan lẹ bá rí nínú tíráàkì, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é pé kí ni yóò gba páùn 200 lórí rẹ̀. Bí kò bá lè fọwọ́ tọ́ka sí i, ẹ má fọwọ́ sí iṣẹ́ náà. Bí wọ́n bá ti fi bọ́ọ̀dù bò ó, tí wọ́n kùn ún, tí wọ́n sì gbé kántà lé e, fífọ́ ni a ó fọ́ ọ ká tó lè dé ìdí rẹ̀.